Ṣé Òǹkọ̀wé Ti Pọ̀ Jù? Àyẹ̀wò Ìwé Tí Àwọn Òǹkọ̀wé Ń Dá Tẹ̀ ní Agbègbè Ìbàdàn

Ẹjọ́ kan ti ń lọ láàárín àwa olùkọ́ Yorùbá láti bí ọdún mélòó kan sẹ́yìn. Àwọn kan ń sọ pé òǹkọ̀wé ti pọ̀ jù, pé ẹnikẹ́ni tí ó bá ti ní fóònù lọ́wọ́ ti di òǹkọ̀wé, àti pé ìwé orí ẹ̀rọ ti kún ilẹ̀ débi pé ẹni tí ó mọ̀wé kọ ní tòótọ́ kò rí ojú òǹkàwé mọ́. Àwọn mìíràn ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé èdè tí ó ń wá ìwé kì í ráhùn pé ìwé pọ̀. Ohun tí a fẹ́ ṣe nínú àpilẹ̀kọ yìí ni láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò níbi tí ó ti kàn wá gbọ̀ngbọ̀n, èyí ni àwọn abúlé oko àti àwọn ìlú kéékèèké tí ó yí Ìbàdàn ká: Mọníyà àti Ìjàyè ní Akínyẹlé, Lálúpọn àti Ìyànà Ọ̀fà ní Lágelú, Ẹgbẹ́dá fúnra rẹ̀ lójú ọ̀nà Ifẹ̀, àti Àkànrán ní Ọ̀nà-Àrà.

Ìdí tí a fi yan agbègbè yìí kò ṣòro láti rí. Ìbàdàn ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ilé-iṣẹ́ atẹ̀wétà tí ó tẹ ìwé Yorùbá fún ilé-ẹ̀kọ́ fìdí kalẹ̀ sí. Síbẹ̀, olùkọ́ tí ó wà ní abúlé tí kò jìnnà sí ìgboro lè kọ ìwé kó má rí ẹni kan nínú wọn tí yóò kà á. Ẹni bẹ́ẹ̀ ni ó ń dá ìwé tẹ̀. Ìwé àdátẹ̀ ni a ó sì máa pe ìwé tí òǹkọ̀wé fi owó ara rẹ̀ gbé jáde, ìbá à jẹ́ lórí tákàdá, ìbá à jẹ́ lórí ẹ̀rọ, láìsí atẹ̀wétà tí ó kà á, tí ó tún un ṣe, tí ó sì náwó sí i.

Èrò tiwa ni pé òǹkọ̀wé kò pọ̀ jù. Ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń rọ́ lọ, kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà náà sì wà lọ́wọ́ àwa tí a ń kọ́ni tí a sì ń dánni wò.

Àwọn tí ó dá ìwé tẹ̀ ṣáájú

Ìwé àdátẹ̀ kì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn. Ẹni tí ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ ni Dẹ́nrelé Adétìmíkàn Ọbasá. Ní 1924 ni ó dá ìwé ìròyìn The Yoruba News sílẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé tirẹ̀, Ìlàrẹ́ Press, ni ó fi tẹ Ìwé Kìíní Ti Àwọn Akéwì ní 1927. Ìwé kejì tẹ̀ lé e ní 1934, ìkẹta sì jáde ní 1945. Ọkùnrin yìí ni òǹkọ̀wé, òun ni olótùú, òun ni atẹ̀wé. Bí ó bá jẹ́ pé àdátẹ̀ nìkan ni ó ń ba ìwé jẹ́, ìwé Ọbasá ì bá ti di ohun ìgbàgbé tipẹ́. Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tí ó bá ń kọ́ni ní ìtàn ewì àpilẹ̀kọ Yorùbá lónìí kò lè fò ó dá.

Ní Èkó, I. B. Thomas ṣe irú rẹ̀. Lẹ́tà Ṣẹ̀gilọlá tí ó ń gbé jáde nínú Akéde Èkó láti 1929 di ìwé ní 1930, ọdún mẹ́jọ kí Ògbójú Ọdẹ ti Fágúnwà tó jáde láti ọwọ́ C.M.S. ní 1938. Àríyànjiyàn lórí èwo nínú méjèèjì ni ó yẹ kí a pè ní ìtàn àròsọ Yorùbá àkọ́kọ́ kò kàn wá níhìn-ín. Ohun tí ó kàn wá ni pé ìwé àdátẹ̀ ni ọ̀kan nínú wọn, tí a sì ń fi í wé èkejì láìtijú.

Kí ni Ọbasá àti Thomas ní tí àwọn òǹkọ̀wé àdátẹ̀ òde òní kò ní? Àwọn kan yóò dáhùn pé ọgbọ́n ni, tàbí ìjìnlẹ̀ èdè. A kò gbà. A mọ àwọn olùkọ́ àti àgbẹ̀ ní Lágelú àti Akínyẹlé tí ìjìnlẹ̀ èdè wọn kò kéré sí ti ẹnikẹ́ni. Ohun tí àwọn méjèèjì ní ni ìwé ìròyìn. Iṣẹ́ wọn kò ti orí tábìlì bọ́ sínú ìwé tààrà. Ojú ìwé ìròyìn ni ó gbà kọjá, níwájú àwọn òǹkàwé tí ó gbọ́ èdè, tí wọ́n sì lè kọ lẹ́tà padà láti sọ pé ohun kan kò dún dáadáa. Thomas tilẹ̀ ń gba irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ lórí Ṣẹ̀gilọlá, ó sì ń tẹ̀ wọ́n jáde. Ìwé ìròyìn ni asẹ́ wọn. Nígbà tí ohun tí ó kù nínú asẹ́ bá di ìwé, ojú púpọ̀ ti rí i.

Lẹ́yìn náà ni ilé-iṣẹ́ atẹ̀wétà gba iṣẹ́ asẹ́ yìí ṣe. Ẹ jẹ́ kí a rántí bí ó ti rí ní nǹkan bí ọdún 1969 sí 1981: Ajá Ló Lẹrù ti Ọládẹ̀jọ Òkédìjí àti Ọmọ Olókùn Ẹṣin ti Adébáyọ̀ Fálétí jáde ní 1969, Réré Rún jáde láti ilé Oníbọnòjé ní Ìbàdàn ní 1973, Ó Le Kú ti Akínwùmí Ìṣọ̀lá ní 1974, Atótó Arére sì tẹ̀ lé e ní 1981. Ẹni tí ó bá ka àwọn ìwé wọ̀nyí yóò rí i pé ẹlòmíràn ti bá òǹkọ̀wé wò ó kí ó tó dé ọwọ́ òun. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí á pe àgbà ní wèrè. Nígbà tí owó ìtẹ̀wé wá gòkè, tí àwọn ilé-iṣẹ́ náà sì rí i pé ìwé tí kò bá sí nínú ìlànà ẹ̀kọ́ kò tà, wọ́n dẹ́kun gbígba ìwé àfọwọ́kọ lọ́wọ́ ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò tíì dún. Asẹ́ ya. Iṣẹ́ kíkọ kò sì dúró.

Irú ìwé tí à ń rí

Ìwé àdátẹ̀ agbègbè yìí kò ju irú mẹ́rin tàbí márùn-ún lọ, wọn kò sì dọ́gba lójú wa.

Ìwé ìtàn ìlú ni ó ṣe pàtàkì jù, nítorí náà òun ni a ó dúró lé lórí jù. Bàbá àwọn ìwé bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ yìí ni Ìwé Ìtàn Ìbàdàn tí Isaac Babalọlá Akínyẹlé kọ ní 1911, ọ̀pọ̀ ọdún kí ó tó gorí oyè Olúbàdàn ní 1955. Gbogbo ẹni tí ó ń kọ ìtàn ìlú rẹ̀ láti Mọníyà dé Àkànrán, yálà ó ti ka Akínyẹlé tàbí kò kà á, ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ó ń tọ̀: ẹni tí ó kọ́kọ́ dé, ibi tí ó ti wá, ogun tí ó bá Ìbàdàn jà, àwọn baálẹ̀ tí ó jẹ tẹ̀ léra, oríkì wọn. Oríkì ni ó máa ń dára jù nínú wọn. Ẹni tí kò lè kọ gbólóhùn mẹ́ta tí ó gún régé nígbà tí ó ń ṣàlàyé, bí ó bá dé orí oríkì baálẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò là, èdè yóò sì dúró. Ìdí ni pé ohun tí ó gbọ́ ni ó ń kọ. A ti sẹ́ ẹ kalẹ̀ fún un láti ìran dé ìran.

Ṣùgbọ́n ìwé ìtàn ìlú kì í ṣe ohun eré. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, Gómìnà Abíọ́lá Ajímọ̀bi dé àwọn àgbà ìjòyè Ìbàdàn àti àwọn baálẹ̀ kan ládé, ọ̀rọ̀ náà sì di ti ilé ẹjọ́. Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ń ṣẹlẹ̀, ìwé olójú ewé ọgọ́ta tí ọmọ ìlú kan dá tẹ̀ lè di ohun tí a gbé lé tábìlì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí: ta ni ó tẹ ìlú dó, ìdílé wo ni ó ni ilẹ̀, ta ni oyè kàn. Bí kò bá sí olótùú tí ó béèrè lọ́wọ́ òǹkọ̀wé pé “Ta ni ó sọ èyí fún ọ? Kí ni ìdílé kejì wí?”, ọmọ ìdílé kan ni ó kọ ìtàn gbogbo ìlú. Kò sì sí ohun tí ó burú tó kí irú ìwé bẹ́ẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo. Bí ó bá jẹ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin fún ìlú kan, wọn ì bá máa bá ara wọn wí. Nípa ti ìwé ìtàn ìlú, nígbà náà, a kò rò pé òǹkọ̀wé tilẹ̀ tíì tó.

Ogun Ìjàyè ti 1860 sí 1862 ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ fà yọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lójú àwọn tí ó ṣì wà láàyè ńkọ́? Rògbòdìyàn Àgbẹ́kọ̀yà ti 1968 sí 1969, tí Tàfá Adéoyè ti Àkànrán jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú rẹ̀, jẹ́ ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí àwọn abúlé wọ̀nyí kọ ìwé lé lórí láìmọye, ní ohùn àwọn tí ó rí i. Àwọn tí ó rí i ń kú lọ.

Ìwé ewì ni ó pọ̀ jù lẹ́yìn ìtàn ìlú. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ọ̀rọ̀ ìyànjú tí a gé sí ìlà-ìlà: kí ọmọdé má ṣe jalè, kí olóṣèlú má ṣe puró. A kò ní ohun tí a ó sọ nípa wọn ju pé gígé ìlà kì í sọ ọ̀rọ̀ di ewì. Àkójọ òwe àti àlọ́ náà wà. Èyí tí ó dára nínú wọn ni èyí tí òǹkọ̀wé sọ ibi tí ó ti gbọ́ òwe náà àti ìgbà tí a ń pa á. Ìwé ìrànwọ́ fún ìdánwò náà ń bẹ, a ó sì padà sórí rẹ̀.

Ní ti ìtàn àròsọ, ohun méjì ni a fẹ́ sọ. Èkíní, àwọn òǹkọ̀wé abúlé ní ọ̀rọ̀ tí òǹkọ̀wé ìgboro kò ní. Ẹni tí ó bá sọ ìtàn tí ó ṣẹlẹ̀ ní ẹkù epo, tí ó mọ bí a ti ń fún ìhá àti bí a ti ń fi í ṣe ògùṣọ̀, tí ó mọ ìyàtọ̀ láàárín èbù àti iṣu jíjẹ, ó ti fún akẹ́kọ̀ọ́ ìgboro ní ohun tí kò lè rí nínú ìwé atúmọ̀ nìkan. Èkejì, nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé kan náà bá fẹ́ kí ìwé wọn “dún bí ìwé”, wọn a fi Gẹ̀ẹ́sì ronú. Àpẹẹrẹ tí a ó mú wá yìí, àwa fúnra wa ni a ṣẹ̀dá rẹ̀ kí ojú má baà ti ẹnikẹ́ni: “Ní òpin ọjọ́, Àyìnlá ṣe ọ̀nà rẹ̀ lọ sí ilé, ó sì mú ìjókòó.” Ọjọ́ kankan kò parí nínú ìtàn náà, kò sí ọ̀nà tí ẹnikẹ́ni là, kò sì sí ìjókòó tí ẹnikẹ́ni gbé. Àyìnlá kàn lọ sílé ni, ó sì jókòó. Olótùú tí ó bá gbọ́ Yorùbá yóò fa ìlà sí i láàárín ìṣẹ́jú kan. Ṣùgbọ́n olótùú kò sí.

Ohun tí ẹ̀rọ fi kún un

Nígbà tí Amazon bẹ̀rẹ̀ sí gba ìwé lọ́wọ́ òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ fún ẹ̀rọ ìkàwé Kindle ní 2007, àwọn ènìyàn rò pé ogun atẹ̀wétà ti tán. Ọjà náà kún lóòótọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, lẹ́yìn tí ẹ̀rọ tí ń dá ọ̀rọ̀ kọ ti gbòde, ilé-iṣẹ́ náà fi òdiwọ̀n lélẹ̀ pé ẹnì kan kò gbọdọ̀ gbé ju ìwé tuntun mẹ́ta lọ wá sórí àtẹ lójúmọ́. Kí òǹkàwé wa fi èyí wé Ọbasá: ìwé mẹ́ta láàárín 1927 sí 1945. Ọjà tí ìwé mẹ́ta lójúmọ́ ti jẹ́ òdiwọ̀n, ìráhùn pé ó kún jù kò ṣeé jiyàn.

Ṣùgbọ́n ọjà Gẹ̀ẹ́sì nìyẹn. Títí di 2023, Yorùbá kò sí nínú àwọn èdè tí ilé-iṣẹ́ náà kọ sílẹ̀ pé òun ń gbà fún ìwé Kindle. Nígbà tí olùkọ́ ní Ẹgbẹ́dá bá ń sọ pé ìwé orí ẹ̀rọ ti pọ̀ jù, ọjà tí a kò tilẹ̀ fún un ní ìsọ̀ níbẹ̀ ni ó ń bẹ̀rù.

Èyí tí ó sún mọ́ wa ni OkadaBooks, tí Okechukwu Ofili dá sílẹ̀ ní 2013 fún kíka ìwé lórí fóònù. Níbẹ̀, ẹnikẹ́ni lè gbé ìwé tirẹ̀ jáde kí ó sì dá iye rẹ̀ fúnra rẹ̀. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 2023, ó ti ilẹ̀kùn. Òǹkọ̀wé tí kò ní ibòmíràn tí ìwé rẹ̀ wà ní láti tún bẹ̀rẹ̀. Ọjà tí ó kún àkúnfàya kì í sábà tú báyìí. Owó tí ó ń wọlé ni kò tó.

Ohun tí ó ṣẹ́ kù fún òǹkọ̀wé abúlé ni WhatsApp. Yóò ṣe ìwé rẹ̀ ní PDF, yóò ta á fún ẹni àkọ́kọ́, ẹni àkọ́kọ́ yóò sì fi í ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ ọmọ ilé-ìwé rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, igba ènìyàn ti ní in, ẹnì kan ṣoṣo ni ó sanwó. A gbọ́ tí àwọn òǹkọ̀wé ń pe èyí ní olè, olè náà ni. Ṣùgbọ́n gẹ́gẹ́ bí lámèyítọ́ a kò gbọdọ̀ fojú fo ohun tí ó fi hàn. Igba ènìyàn gba ìwé Yorùbá sórí fóònù wọn. Ẹni tí ó ń wá òǹkàwé, ó ti rí wọn. Owó ni ó sọnù lójú ọ̀nà.

Ẹ jẹ́ kí a wo àmì ohùn, nítorí pé níhìn-ín ni ìwé orí ẹ̀rọ ti ń ṣe àkóbá fún wa jù. Ní 1974 ni ìjọba fọwọ́ sí àkọtọ́ òde òní, ọ̀pọ̀ wa sì ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wa kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé àdátẹ̀ orí ẹ̀rọ kò ní àmì rárá. “O gbe igba na si ejika”: ṣé igbá ni, tàbí igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ? Ní abúlé tí méjèèjì wà lẹ́yìn ilé, ìbéèrè gidi nìyí, ìtàn sì lè yí padà nítorí rẹ̀. Àwọn òǹkọ̀wé máa ń dá ẹ̀rọ lẹ́bi, ìdajì ẹjọ́ wọn sì tọ̀nà. Nínú ètò lẹ́tà tí ẹ̀rọ gbogbo ayé ń lò, tí à ń pè ní Unicode, á àti è ní ipò tiwọn, ẹ, ọ àti ṣ náà ní. Ṣùgbọ́n nígbà tí àmì ohùn bá gun orí ẹ tàbí ọ, kò sí ipò kan ṣoṣo fún un. Lẹ́tà àti àmì ni a ó so pọ̀. Bí irú lẹ́tà tí òǹkọ̀wé yàn kò bá mọ ìsopọ̀ yìí í ṣe, àmì yóò yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó sí ipò rẹ̀. Òǹkọ̀wé yóò wò ó, yóò ní ó burú lójú, yóò sì pa gbogbo àmì rẹ́. Ìdajì ẹjọ́ yòókù ni pé àtẹ lẹ́tà tí ó ní àmì Yorùbá wà lórí fóònù báyìí lọ́fẹ̀ẹ́, ọ̀pọ̀ kò sì fẹ́ lo ọ̀sẹ̀ kan láti mọ̀ ọ́n lò.

Kano àti Onitsha

Àwọn ibòmíràn wà ní ilẹ̀ wa tí ìwé àdátẹ̀ ti pọ̀ ju tiwa lọ. Ní ọjà Onitsha, láti àwọn ọdún 1940 títí tí ogun fi dé ní 1967, ìwé pẹlẹbẹ nípa ìfẹ́, nípa owó, nípa bí a ti ń kọ lẹ́tà, jáde láìmọye. Cyprian Ekwensi wà lára àwọn tí ó ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní Kano, láti àwọn ọdún 1980, àwọn òǹkọ̀wé Hausa, tí obìnrin bíi Balaraba Ramat Yakubu wà láàárín wọn, ń fi owó ara wọn tẹ ìwé ìfẹ́, wọ́n sì ń tà á lọ́jà. Ìwé náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí Gómìnà Ibrahim Shekarau fi dáná sun àwọn kan ní gbangba ní 2007. A kò fọwọ́ sí i kí ìjọba máa sun ìwé. Ṣùgbọ́n ta ni yóò dáná sun ìwé tí ẹnikẹ́ni kò kà? Ìjọba kò bẹ̀rù ìwé Yorùbá wa bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ tí a rí nìyí: àwọn ọmọbìnrin àti ìyàwó ilé ni ó ń ra ìwé Kano, nítorí pé wọ́n fẹ́ mọ bí ìtàn yóò ti parí. Kò sí ẹni tí ó yàn án fún wọn. Yorùbá náà ti ní irú òǹkàwé bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ bi àwọn tí ó dàgbà ní àwọn ọdún 1970 léèrè nípa ìwé àwòrán Atọ́ka, tí ó ń gbé eré àwọn òṣèré alárìnkiri dé ìlú àti ìletò. Lónìí, ìwé àdátẹ̀ Yorùbá ní ọjà méjì péré. Ọjà kìíní ni ìkójáde ìwé. Alága yóò jókòó, olówó yóò ra ẹ̀dà kan ní owó tí ó tó ra ọgọ́rùn-ún, wọn yóò ya àwòrán, ẹ̀dà tí ó kù yóò sì wọ abẹ́ ibùsùn òǹkọ̀wé. A kó ọmọ jáde, a kò rí ẹni tọ́ ọ. Ọjà kejì ni ilé-ẹ̀kọ́.

Ipa tiwa nínú rẹ̀

Gbogbo òǹkọ̀wé àdátẹ̀ ni ó ń fẹ́ kí ìwé òun wà lára èyí tí WAEC, NECO tàbí JAMB yàn, tàbí kí ìpínlẹ̀ fi í sínú àkọsílẹ̀ ìwé ilé-ẹ̀kọ́. Àyè tí ó wà níbẹ̀ kò ju ti ìwé díẹ̀ lọ fún ọdún púpọ̀. Èyí ni ibi tí èrò ti pọ̀ jù, kò sì sí ibòmíràn. Ó dà bí àkókò tí tòmátì bá so ní oko gbogbo lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀nà kan ṣoṣo sì lọ sí ọjà: alájàpá ni yóò máa dá iye, àgbẹ̀ yóò sì máa sọ pé àwọn aládùúgbò òun ti gbìn jù.

Àwa sì ni alájàpá. Láàárín wa ni àwọn tí ó ń yan ìwé, àwọn tí ó ń ṣe ìbéèrè, àwọn tí ó ń gba máàkì. Láàárín wa kan náà ni àwọn tí ó ń kọ ìwé ìrànwọ́ tí ó gé ìtàn àròsọ sí ojú ewé mẹ́rin kí akẹ́kọ̀ọ́ má baà ka ìwé gan-an. Olùkọ́ kan sì wà, kì í ṣe ẹyọ kan, tí ó ń kọ ìwé, tí ó sì ń sọ fún kíláàsì rẹ̀ pé ẹni tí kò bá rà á kò ní rí èsì ìdánwò rẹ̀. Ọmọ àgbẹ̀ ní abúlé Ọ̀nà-Àrà tí bàbá rẹ̀ ta gààrí kí ó tó rí owó ìwé náà, kí ni yóò rò nípa ìwé Yorùbá tí ó bá jáde ilé-ẹ̀kọ́? Kò ní ra òmíràn mọ́ láyé rẹ̀. Òǹkàwé tí à ń wá kiri ni a fi ọwọ́ ara wa lé lọ yẹn.

A mọ̀ pé owó oṣù olùkọ́ kò tó ná, a kò sì sọ pé kí olùkọ́ má ṣe kọ̀wé. Olùkọ́ ni ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a dárúkọ lókè yìí jẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé kí ẹni tí ó kọ ìwé má ṣe jẹ́ ẹni tí yóò fi dandan tà á fún ọmọ tí òun yóò dá lẹ́jọ́, kí ẹni tí ó ní ìwé nínú ìdíje má sì ṣe jókòó sí ìgbìmọ̀ tí yóò yàn án.

Ohun kejì kan ìwé àtìgbàdégbà bíi tiwa yìí. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ ńlá tẹ̀ ni a máa ń ṣe lámèyítọ́ rẹ̀. Ìwé àdátẹ̀ kì í dé ojú ewé wa, ti orí ẹ̀rọ kò tilẹ̀ sí nínú èrò wa. Kí ẹ̀ka ẹgbẹ́ wa ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan máa yan ìwé àdátẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta lọ́dún, kí wọ́n kà wọ́n tinútinú, kí wọ́n sì sọ ní gbangba ohun tí ó dára àti ohun tí ó wọ́ nínú wọn. Ìwé ìròyìn ni ó ṣe iṣẹ́ yìí fún Ọbasá. Kí wọ́n sì rọ òǹkọ̀wé láti kó ẹ̀dà mẹ́ta tí òfin béèrè lọ sí Ilé-Ìkàwé Àpapọ̀, kí ìtàn ìlú má baà ṣègbé pẹ̀lú fóònù tí ó bọ́ sómi.

Ẹ̀kẹta jẹ́ ọ̀rọ̀ owó. Àwọn olùkọ́ Yorùbá tí ó ti fẹ̀yìn tì wà káàkiri Mọníyà, Lálúpọn àti Ẹgbẹ́dá, tí àkọtọ́ 1974 wà ní ìka ọwọ́ wọn, tí wọ́n sì mọ ìgbà tí Àyìnlá jókòó àti ìgbà tí ó “mú ìjókòó”. Òǹkọ̀wé tí ó fẹ́ ṣe ìkójáde yóò gba kánópì, yóò gba àga, yóò gba ẹ̀rọ amóhùngbòòrò, yóò se ìrẹsì fún àlejò. Bí ó bá mú owó kánópì nìkan nínú rẹ̀, tí ó gbé e fún ọ̀kan nínú àwọn àgbà wọ̀nyí pẹ̀lú bírò pupa, ìwé rẹ̀ yóò pẹ́ ní oṣù kan kí ó tó jáde, àwọn àlejò rẹ̀ yóò sì jókòó lábẹ́ igi.